Kí N Tó Yin Ìbọn Tó Dàgbà Ju Bàbá Mi Lọ

Láti ìgbà tí mo ti padà wá jókòó sí Kubwa l'Abuja, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò wa máa ń bi mí lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ìbọn ológun àtijọ́ tí ẹ máa ń yìn ní Amẹ́ríkà yẹn, ṣé ẹ ò lè bá wa rọra ki ọ̀kan sáàárín ẹrù inú kọ̀ǹténà?"

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n yanjú ìyẹn ná kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó ti wà láti 1959, to àwọn ìbọn tó jẹ́ èèwọ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n ihò dá ìbọn ológun mọ̀: 7.62 mm, 9 mm, .300 àti .303. Kò bi ìbọn ní ọjọ́ orí. Lee-Enfield, ìbọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tó jagun 1914, àti ìbọn tí wọ́n rọ ní èṣí, ibì kan náà ni òfin kó wọn sí, àṣẹ Ààrẹ nìkan ló sì lè mú wọn kúrò níbẹ̀. Kódà ìbọn ìléwọ́ tó ń fi òkúta ṣáná, irú èyí tí òyìnbó ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀, wà lórí ìwé náà. Ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní dín ní ọdún 10. Pẹ̀lú bí ọ̀nà Abuja sí Kaduna ṣe rí láyé òde òní, ta ni ó fẹ́ dúró gbọ́ àlàyé pé ohun àtijọ́ ni ìbọn tó wà nínú búùtù rẹ?

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ orí gan-an ni wọ́n ń bi ìbọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1968 fi ààlà sí ọdún 1898. Ìbọn tí wọ́n bá rọ nínú ọdún yẹn tàbí ṣáájú rẹ̀, ohun àtijọ́ ni lójú ìjọba àpapọ̀ wọn, ẹni tó bá rà á kò nílò láísẹ́ǹsì ìkówọlé. Èyí tó bá ti wọ 1899, ìbọn ni. Ọwọ́ ẹni tó láṣẹ ni yóò gbà wọlé, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń pè ní Form 6, wọn yóò sì fín orúkọ ẹni tó kó o wọlé, ìlú rẹ̀ àti ìpínlẹ̀ rẹ̀ sára irin. Ẹni tó kàn fẹ́ràn ìbọn àgbà bíi tèmi tún lè gba láísẹ́ǹsì olùkójọ, 30 dọ́là fún ọdún 3, fún àwọn ìbọn tó ti pé 50 ọdún tí ara wọn ṣì wà bí wọ́n ṣe rọ wọ́n. Kì í ṣe ìwé òwò o. Ẹni tó bá ń fi rà, tó ń fi tà fún èrè, ó ń wá wàhálà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà tún ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ohun tí mo ṣe láìsí ariwo ní Tennessee lè di ẹjọ́ níbòmíràn.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú èyí. Kaduna ni wọ́n bí mi sí, ìdí ẹ̀rọ léèdì tó ń gé irin ní ọjà Panteka níbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, irin ni ohun tí mo mọ̀ jùlọ láyé. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Wọn ò fi ìbọn kankan sílẹ̀ fún wa. Ìbọn ọba ni, wọ́n ti dá a padà fún ọba. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àfonífojì Kaladan, ọwọ́ wọn á máa ṣí bóòtù, irin tó ń pa ìdí ìbọn dé, á máa tì í, láìsí ìbọn níbẹ̀ rárá. Nígbà tí òyìnbó arúgbó kan gbé Lee-Enfield sí iwájú mi ní pápá ìyìnbọn lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi ti mọ ibi tí yóò gbà kó tó kàn án.

Àwọn ìbọn yìí kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà l'Ékòó ló ń wá Snider àti Martini-Henry, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, nígbà tí púpọ̀ nínú ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà. Kò tó ọgbọ̀n ọdún sí i tí àwọn ọmọ ogun Lugard, tí Hausa, Nupe àti Yorùbá wà nínú wọn, fi gbé kábáìnì .303 onídìí Martini wọ Kano ní February 1903. Mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mò ń sọ tí mo bá dárúkọ Martini.

Ohun tó pẹ́ jù kó tó yé mi dáadáa ni pé ìtàn tí olùtà bá sọ kò fi nǹkan kan kún irin. Wọ́n á ní ìbọn yìí wà lójú ogun báyìí, wọ́n á ní ọ̀gágun báyìí ló gbé e. Ìbọn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo ẹni tó lè jẹ́rìí sí i ti kú. Ohun tí wọ́n fín sí ara rẹ̀ àti ohun tí máíkírómítà bá sọ nìkan ló kù.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ra Martini-Henry láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́tò apá ọ̀tún irin rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bèèrè, mi ò tíì bèèrè iye tó ń tà á. Apá ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fín adé sí, pẹ̀lú lẹ́tà VR ti Ọbabìnrin Victoria, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, àti ọdún. Tèmi sọ pé Enfield, 1881. Fọ́tò yẹn gan-an ni mo fi gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, nítorí ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ wọlé ló máa fìdí ọjọ́ orí rẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe àwọn. Bí ọdún ara rẹ̀ bá ti parẹ́, ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ni yóò wá. Mo tún sọ fún olùtà pé kó parí gbogbo ìwé ìkójáde ti ìlú tirẹ̀ kó tó di ẹrù, kí n má bàa sanwó fún ohun tí yóò jókòó sí ibùdókọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún. Àwọn akẹ́rù ńkọ́? Èyí tó kọ̀ mí pọ̀ ju èyí tó gbà lọ. Kí n tó rí ẹni tó gbà, owó ìkẹ́rù ti fẹ́ tó ìdajì owó ìbọn. Ẹni tó ń retí ohun olówó pọ́ọ́kú kó má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn ni láti ra lára èyí tí ẹlòmíràn ti kó wọlé. Ní 2003, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ra gbogbo ohun ìjà àtijọ́ tó wà nínú ààfin kan ní Kathmandu, lórílẹ̀-èdè Nepal: Martini, Snider, títí dé ìbọn òkúta ìṣáná tó ti wà ṣáájú ìgbà Victoria, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀. Wọ́n tà wọ́n bí wọ́n ṣe bá wọn, pẹ̀lú eruku àti gíríìsì tó ti gbẹ di pákó sára irin. Mo ra lára wọn. Fífọ̀ wọ́n ni mo gbádùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ìyàwó mi kò sì gbádùn rẹ̀ rárá, nítorí òórùn karosíìnì kò kúrò nínú gáréèjì wa títí òtútù fi dé. Mo tú ìbọn palẹ̀, mo rẹ ẹ̀yà onírin sínú karosíìnì, mo fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onídẹ àti àkísà bó gíríìsì náà ní ìpele ìpele. Sáńpépà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn kan máa ń họ irin títí á fi máa dán yanranyanran kí wọ́n lè rí owó gidi lórí rẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n ti ba nǹkan jẹ́, nítorí àwọn àmì tí ìpata àti ọjọ́ ogbó ò rí jẹ, sáńpépà ti jẹ wọ́n tán.

Abẹ́ gíríìsì yẹn ni mo ti rí i pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe Martini rárá. Lóde, ojú Martini ló ní. Nígbà tí mo tú u, inú rẹ̀ yàtọ̀, ojú fáìlì ṣì wà lára irin tí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Gahendra ni, tí àwọn alágbẹ̀dẹ Nepal fọwọ́ rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yà ara èyí kì í wọ inú ìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wú mi lórí ni. Mo sì gbé e kọ́ ògiri, mi ò yìn ín rí. Kò sí ẹni tó mọ irú irin tí wọ́n lò, kò sì sí bí ojú lásán ṣe lè sọ ọ́.

Bákan náà ni ti àwọn ìbọn Darra Adam Khel ní Pakistan, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe àdàkọ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa ń rà wọ́n bọ̀ láti Afghanistan nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé tirẹ̀ wá sí pápá wa, inú rẹ̀ dùn gan-an. Adé wà lára rẹ̀, VR wà lábẹ́ adé, ọdún 1909 sì wà nísàlẹ̀. January 1901 ni Victoria kú. Lẹ́tà N kan tún kọ ẹ̀yìn síwájú, ẹni tó fín in kò mọ̀wé kà, àwòrán ni lẹ́tà jẹ́ lójú rẹ̀. Èmi tí mo ti Panteka wá kò lè fi irú alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí mo mọ ohun tó ń gbà láti fi fáìlì àti òòlù yọ bóòtù jáde. Àmọ́ mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé kó má yìn ín. Ó yẹ kí ẹ rí ojú rẹ̀.

Bí àmì bá ti tọ́, wíwọ̀n ló kù. Ìbọn ayé ìgbà yẹn kì í bára mu. Ohun tí ìwé sọ pé ihò rẹ̀ jẹ́ àti ohun tó jẹ́ gan-an lè yàtọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á ta òróró sínú ihò, mo á fi ọ̀pá onígi àti òòlù kékeré rọra ti òjé rírọ̀ kọjá láti ẹnu ìbọn, mo á wá fi máíkírómítà wọn òjé náà. Ọta tó kéré ju ihò lọ kò ní rí nǹkan dìmú, kò ní yí. Ìbú ni yóò fi lu pátákó. Fún ilé ọta, ibi tí katiríìjì ń wọ̀ sí, irin kan wà tó ń yọ́ nínú omi tí kò tíì hó. Mo á dà á síbẹ̀, yóò dì, mo á yọ ọ́ jáde, ìrísí ilé ọta náà á wà lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ tí wọ́n yọ lára ewé. Ohun tí mo ti rí nípa bẹ́ẹ̀ kò kéré: ilé ọta tí ìpata ti jẹ di kòtò kòtò, èyí tí ẹnì kan ti lu tóbi láti fi gba ọta mìíràn láìkọ ọ́ síbì kan.

Lee-Enfield tún ní wàhálà tirẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín orí bóòtù àti ibi tí etí katiríìjì jókòó sí gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Gééjì méjì, irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bóòtù gbọ́dọ̀ pa dé lórí èyí tó jẹ́ .064 íǹṣì, kò sì gbọ́dọ̀ pa dé lórí .074. Lórí irú Lee-Enfield tí wọ́n ń pè ní No. 4, orí bóòtù ṣeé pààrọ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà 0 sí 3 sí wọn lára, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ló gùn jù. Tèmi pa dé lórí .074 bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Nọ́ńbà 1 ló wà lára rẹ̀. Mo wá nọ́ńbà 3 lọ, mo fi sí i, bóòtù sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ká ní mo ti yìn ín bó ṣe wà, katiríìjì lè ya sí méjì nínú ilé ọta, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa wá ojú mi bọ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní bàbá òun ti fi pa àgbọ̀nrín láìmọye ìgbà. Ó ṣeé ṣe.

Àwọn kan wà tí mi ò ní yìn bí wọ́n tilẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́: Lee-Enfield tí wọ́n kọ DP sí lára, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ológun láti máa fi ṣe paréèdì, Springfield 1903 tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000, nítorí wọ́n ti jó irin rẹ̀ jù nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, ó lè fọ́ bí àfọ́kù, àti Ross Mark III ti Canada ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n lè to bóòtù rẹ̀ lódì kó tún máa dà bíi pé ó ti dé, tó bá wá bú, ẹ̀yìn ni bóòtù ń gbà wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìbọn yòówù máa dún lọ́wọ́ mi, kì í dún lọ́wọ́ mi. Táyà ọkọ̀ àtijọ́ ni mo máa ń dè é mọ́, mo á so okùn gígùn mọ́ tírígà, mo á lọ dúró sẹ́yìn òkìtì, mo á wá fà á. Lẹ́yìn náà ni mo á wo katiríìjì tó jáde, bóyá ó ya, bóyá ó wú, bóyá káàpù tó ń ṣáná sí ẹ̀tù inú rẹ̀ ti yọ. Àwọn ọ̀dọ́ pápá wa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, ojú mi méjèèjì ṣì ń ríran.

Martini ni ọba wọn. Ẹ̀tù dúdú ló ń jẹ, irú ẹ̀tù kan náà tí ọdẹ wa mọ̀, òun nìkan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹni tó bá bu ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín sínú rẹ̀ ti sọ ọ̀pá ìbọn di bọ́ǹbù. Wọn kì í ṣe katiríìjì rẹ̀ sọ́jà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo ń ra katiríìjì onídẹ ti ìbọn ọdẹ géèjì 24, mo sì ń fún un mọ́ra títí yóò fi gba ìrísí ìgò tí Martini ń fẹ́. Ọta rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 31. Bó bá dún, ìdí ìbọn á fún ọ ní èjìká lẹ́ṣẹ̀ẹ́, èéfín funfun á sì bo gbogbo iwájú, o ò ní mọ̀ bóyá o bà á àfi tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí ìtàn ogun Kírìjì ń sọ. Mo ti ń gbọ́ pé Martini ń yára ju ṣakabùlà lọ, mi ò mọ bó ṣe yára tó. Kí ẹni tó ń ki ṣakabùlà tó fi ọ̀pá gún ẹ̀tù rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, ọwọ́ mi tí kì í ṣe ti jagunjagun ti fa irin abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ti ki òmíràn, ti yìn ín, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òórùn ẹ̀tù dúdú, bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ló máa ń bá èèyàn dé ilé. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ ihò ìbọn, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Omi kan náà ni mo ń lò fún Lee-Enfield .303 tí mo bá yin ọta ológun àtijọ́, nítorí káàpù inú wọn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ihò, iyọ̀ náà á sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Epo kì í tú iyọ̀. Ẹni tó bá fi epo nìkan nù ún, tó ní òun ti parí, ìpata ló máa bá níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Kí n tó padà sílé, mo tà wọ́n fún àwọn olùkójọ tó ní ìwé. Kálípà, máíkírómítà àti tọ́ọ̀ṣì kékeré tí mo fi ń wo inú ihò ni mo gbé wá sí Abuja, wọ́n sì ti wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ti wo Hawan Sallah, ayẹyẹ ìgẹṣin ọdún Mùsùlùmí, ní Kano ti rí àwọn oníbọn tó ń yin ṣakabùlà sókè níwájú Ẹmíà. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá lókè ọya níbí, èyí tí bàbá kan gbé ti ilé wá nígbà tó ń bọ̀ wá ṣòwò. Òfin kò ka ṣakabùlà mọ́ ìbọn ológun, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní.

Ní Sabon Gari, Zaria, wọ́n pè mí kí n wá wo ọ̀kan tó ti wà lára ògiri láti ìgbà tí baálé ilé ti kú. Wọ́n ní kí n sọ iye tó lè pa lówó. Mo yí ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo wa, mo rọra ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀ títí ó fi dúró, mo fi ìka sàmì sí ibi tó dé ní ẹnu, mo fà á yọ, mo wá nà án sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Ó yẹ kí orí ọ̀pá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé. Kò dé ibẹ̀. Ó ku bí ìka mẹ́rin. Ẹ̀tù dúdú tó bá gbẹ kì í kú, ìbáà lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo ní kí wọ́n gbé omi wá, mo bu ú kún inú rẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ lọ́ bíi sukúrúù fa ohun inú rẹ̀, àkísà jáde, àfọ́kù irin jáde, ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìyá àgbà tó ni ilé pariwo. "Èmi tí mò ń fi àkísà nu eruku ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé ọkọ! Ẹ gbé e, ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ ìwé sí i tàbí kí wọ́n gbà á!" Àwọn ọmọ rẹ̀ lọ pe tẹ́ṣàn lórí fóònù kí wọ́n tó gbé e jáde, torí èmi ni mo kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ìbọn kọjá láàárín ọjà láìjẹ́ pé ẹnì kan ń retí rẹ̀.